Bí ẹ ṣe lè so pátákó géèmù àtijọ́ mọ́ púlásímà tí àwòrán yóò fi jáde

Ẹ ti ra pátákó géèmù àtijọ́, ìyẹn èyí tó ń wà nínú ẹ̀rọ ńlá ilé géèmù, ẹ ti fún un níná, ẹ ti gé orí wáyà VGA (wáyà àwòrán ti kọ̀ǹpútà), ẹ so pupa mọ́ pupa, ẹ so búlúù mọ́ búlúù, ẹ wá kì í bọ ẹ̀yìn púlásímà. Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ "No Signal". Bí kò bá kọ ìyẹn, á kọ "Out of Range", tàbí kí àwòrán fà ya kó máa yí lọ sókè bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì máa ń já sí ní Ifẹ̀ níbí ni pé wọ́n á gbé pátákó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Lágere tàbí Sábó, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, wọ́n á ní ó ti kú. Èyí tó kú lóòótọ́ kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Ohun mẹ́ta ló wà láàárín pátákó yẹn àti tẹlifíṣọ̀n yín: iná, agbára àwọ̀, àti eré tí àwòrán ń sá. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn náà ni kí ẹ ṣe mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n ni ẹ máa fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ibi tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dà á láàmú.

Pátákó onílànà JAMMA nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, ìyẹn èyí tí àwọn ará Jàpáánì fi lélẹ̀ ní 1985: ẹnu kan ṣoṣo tó ní ojú 56, 28 lókè, 28 nísàlẹ̀. Ti òkè, níbi tí àwọn chip wà, ń jẹ́ nọ́ńbà, 1 dé 28. Ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ lẹ́tà, A dé f kékeré, láìsí G, I, O àti Q nínú àwọn lẹ́tà ńlá. Bí pátákó yín bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, ìlànà tirẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ má fojú díwọ̀n rárá.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Mítà. Bí kò bá sí mítà, ẹ má bẹ̀rẹ̀.
- Kọnẹ́tọ̀ JAMMA tí wọ́n ti jó wáyà mọ́ (harness ni àwọn tó ń tà á ń pè é).
- Pọ́wà sọ́pláì tó ń gbé +5, +12 àti -5 fóòtì jáde, tàbí ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ (ATX).
- Kọ̀nfátà àwòrán. Irú èyí tó yẹ wà ní Ìpele 6, ẹ kà á kí ẹ tó náwó.
- Kòńtúróòlù kéékèèké mẹ́ta, 1,000 óòmù, irú èyí tí a ń fi ìtúdè yí, àti rẹsísítọ̀ 470 óòmù kan.
- Sípíkà 8 óòmù kan, ti inú rédíò àtijọ́ ti tó.
- Rọ́bà ìpàwé funfun, spírítì láti kẹ́míìsì, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀.
- Áyọ̀nù àti sọ́dà.

Kọ̀nfátà àti harness ló ṣòroó rí ní Ifẹ̀. Ẹ rán ẹni tó ń lọ sí Alábà tàbí Computer Village n'Íkẹjà, tàbí kí ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kòńtúróòlù àti rẹsísítọ̀, ẹ lè tú wọn lára tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn ńlá tó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ nù. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kúrò lórí iná kọ́ o, iná tó lè gbéèyàn ṣubú ṣì máa ń wà nínú rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ fọ ẹnu pátákó, ẹ wo bátìrì

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku àti ẹyin aáyán kúrò. Ẹ fi rọ́bà ìpàwé nu ẹnu tó ń wọ kọnẹ́tọ̀ títí tí yóò fi dán, kí ẹ wá fi spírítì nù ún. Ẹ má fi sáńpépà kàn án. Ó máa ń hó ohun tí wọ́n fi pa ojú rẹ̀ lára dànù, ìpẹtà á sì padà kíákíá.

Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí aṣọ ń ta páá-páá lára, ẹ di irin tó kan ilẹ̀ mú ná kí ẹ tó fọwọ́ kan chip kankan.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Bí ó bá ti ń tú omi tó ń jẹ ojú wáyà ara pátákó ní àwọ̀ ewé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi fínígà díẹ̀ nu ibẹ̀, lẹ́yìn náà spírítì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Capcom CPS-2, tàbí pátákó Sega tó ní chip FD1094, ẹ má yọ bátìrì yẹn! Kọ́kọ́rọ́ tí géèmù fi ń ka ara rẹ̀ wà nínú ìrántí tí bátìrì náà ń gbé ró. Bí iná bátìrì bá dá níbẹ̀, géèmù kò ní ṣí mọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ló sì lè jí i padà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi mítà sí ibi tó ń dún. Láàárín ojú 1 àti ojú 28, ó gbọ́dọ̀ dún, torí gíráàǹdì (ibi tí iná ń gbà padà) ni méjèèjì. Láàárín ojú 1 àti ojú 3, tí í ṣe 5 fóòtì, óòmù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Bí ó bá jẹ́ òdo, nǹkan kan ti so pọ̀ lórí pátákó, ẹ kò gbọdọ̀ fún un níná.

Ìpele 2: Ẹ yẹ iná wò láìsí pátákó

Ibí ni pátákó tó pọ̀ jù ti ń kú. Pọ́wà sọ́pláì tó bá inú ẹ̀rọ géèmù Jàpáánì wá, 100 fóòtì ló ń jẹ. Ti Amẹ́ríkà, bíi 115. Iná tiwa, 230. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyẹn, òórùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ wá bọ́tìnnì pupa kékeré tó kọ 115/230, kí ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó ronú kan iná. Bí kò bá ní irú bọ́tìnnì yẹn, tó sì jẹ́ 100 tàbí 115 nìkan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lo ti kọ̀ǹpútà.

Ti kọ̀ǹpútà, ẹ so wáyà àwọ̀ ewé mọ́ dúdú kan kó lè ṣí. Pupa jẹ́ 5 fóòtì, yẹ́lò jẹ́ 12, dúdú jẹ́ gíráàǹdì. Ọsàn jẹ́ 3.3, kò níṣẹ́ kankan níbí, ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ tuntun díẹ̀ kì í ní -5 mọ́. Pátákó díẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀, ohùn ló sì máa ń fi ṣe jù, nítorí náà bí àwòrán bá padà jáde tí ohùn kò jáde, ẹ rántí ìlà yìí.

Ìwọ̀n wáyà ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. 5 fóòtì ló ń gbé iná tó pọ̀ jù. Wáyà tín-ín-rín, wáyà gígùn, ó máa ń jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà: 5.0 kúrò ní pọ́wà sọ́pláì, 4.6 ló dé ọ̀dọ̀ pátákó, géèmù á wá máa ṣí, á máa pa, ẹ̀yin á sì máa bú pátákó. Ẹ fi wáyà méjì tó sanra gbé 5 fóòtì, ó kéré tán méjì fún gíráàǹdì, kí wọ́n má sì gùn ju bó ti yẹ lọ.

Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sítábíláísà sáàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó tan nǹkan.

*Àyẹ̀wò:* Pátákó kò tíì sí níbẹ̀. Mítà gbọ́dọ̀ ka bíi 5 láàárín wáyà tó ń lọ sí ojú 3 àti gíráàǹdì, bíi 12 lójú 6. Ojú 5 lè jẹ́ -5 tàbí òdo. Pọ́wà sọ́pláì àtijọ́ míì kì í ka nǹkan gidi bí kò bá rí ẹrù gbé. Ẹ fi gílóòbù mọ́tò 12 fóòtì kékeré sí i lẹ́nu, kí ẹ tún un kà.

Ìpele 3: Ẹ ki kọnẹ́tọ̀ bọ̀ ọ́ níbi tó yẹ

Ojú 7 àti H kò ní wáyà. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì kí kọnẹ́tọ̀ má baà wọlé sódì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ harness olówó pọ́ọ́kú kò ní ìdènà níbẹ̀, sódì sodò ló ń wọlé. Bí ẹ bá yí i padà, 12 fóòtì láti ojú 6 yóò bọ́ sójú a kékeré, ti F yóò sì bọ́ sójú 23. Bọ́tìnnì kejì ti òṣèré méjèèjì nìyẹn. Chip tó ń gba bọ́tìnnì kò lè gba 12 fóòtì, lójú ẹsẹ̀ ló ń jóná.

Ẹ wá "1" tàbí "A" tí wọ́n kọ sára pátákó, kí ẹ fi máàkà ṣe àmì sára kọnẹ́tọ̀ yín ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní dà yín láàmú mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jó wáyà mọ́ kọnẹ́tọ̀ fúnra yín, ẹ ní àṣìṣe tiyín lọ́tọ̀: ẹ̀yìn kọnẹ́tọ̀ lẹ kọjú sí nígbà tí ẹ ń jó o, ẹ sì fi òkè ṣe ìsàlẹ̀. Iná yóò bọ́ sí i dáadáa torí bákan náà ni lókè àti nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n pupa yóò gba ipò àwọ̀ ewé, búlúù yóò gba ipò sync (wáyà tó ń mú àwòrán dúró, ẹ ó rí i ní Ìpele 5). Ohun tó ń mú kéèyàn pariwo pé "ó níná, kò láwòrán" nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tan án. Ẹ má gbé mítà lọ sí ẹnu pọ́wà sọ́pláì, orí pátákó gan-an ni kí ẹ ti kà á. Ọ̀pọ̀ nínú chip ẹlẹ́sẹ̀ 14 tí nọ́ńbà ara wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 74, ẹsẹ̀ 14 jẹ́ 5 fóòtì, ẹsẹ̀ 7 jẹ́ gíráàǹdì. Láti 4.75 dé 5.25 ni chip wọ̀nyí ń gbà. 5.0 sí 5.1 ni kí ẹ máa wá. Pọ́wà sọ́pláì ti géèmù ní kòńtúróòlù kékeré tí ẹ fi lè ṣàtúnṣe rẹ̀, ti kọ̀ǹpútà kò ní, wáyà rẹ̀ ni kí ẹ mú sanra.

Ìpele 4: Ẹ gbọ́ ohùn kí ẹ tó wá àwòrán

Ìpele yìí ni àwọn èèyàn ń fò. Bí pátákó bá lè sọ̀rọ̀, ó wà láàyè, ẹ kò sì ní fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí kọ̀nfátà nítorí pátákó tó ti kú.

Ẹ so sípíkà mọ́ ojú 10 àti ojú L. Ohùn tó ti lágbára tán ló ń jáde níbẹ̀, kò nílò ámúpù. Ẹ má kì í bọ ihò ohùn ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó le jù fún un. Ẹ má sì so L mọ́ gíráàǹdì láé, bó ti wù kó dà bíi pé ìkan náà ni wọ́n. Lára pátákó kan, ẹsẹ̀ méjèèjì sípíkà ni ámúpù ń gbé ohùn sí, bí ẹ bá fi ìkan kan gíráàǹdì, ámúpù lọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ géèmù kì í pariwo títí dìgbà tí owó bá wọlé. Ẹ fi wáyà so ojú 16 mọ́ gíráàǹdì fìrí, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rọ á rò pé owó ẹyọ ló bọ́ sínú àpótí.

*Àyẹ̀wò:* Ìró owó dún, ẹ wá fi ojú 17, tí í ṣe Start, kan gíráàǹdì, orin géèmù bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ lọ sí Ìpele 5 pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ padà sí ìwọ̀n iná àti ìmọ́tótó ẹnu pátákó. Ẹ má tíì rò pé tẹlifíṣọ̀n ló ṣẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ dín agbára àwọ̀ kù

Pupa wà lójú 12, àwọ̀ ewé lójú N, búlúù lójú 13, sync lójú P, gíráàǹdì àwòrán lójú 14. Sync ló ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n ibi tí ìlà kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí àwòrán tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, àwọ̀ lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rọ ilé géèmù ni wọ́n ṣe pátákó yìí fún, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ilé. Àwọ̀ rẹ̀ lè tó 3 fóòtì sókè, nígbà tí ohun èlò òde òní ń retí 0.7. Sync rẹ̀ ń tó 5. Àwọn kan ń so ó báyẹn, ó sì ń yọ àwòrán, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà: gbogbo funfun ti di ìkan, ojú èèyàn inú géèmù kò ní imú mọ́, ẹnu kọ̀nfátà sì ń gba ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ ki kòńtúróòlù 1,000 óòmù kọ̀ọ̀kan sáàárín wáyà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: wáyà láti pátákó sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́, wáyà sí kọ̀nfátà láti ẹsẹ̀ àárín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí óòmù ti pọ̀ jù. Rẹsísítọ̀ 470 ni ti sync. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹnu kọ̀nfátà jẹ́ 75 óòmù, 470 àti 75 jẹ́ 545. Ẹ sọ 5 di ìlọ́po 75, kí ẹ fi 545 pín in, 0.69 ni yóò kù, sync kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára mọ́.

Gíráàǹdì ojú 14, ẹ so ó mọ́ kọ̀nfátà láìfi nǹkan kan sáàárín. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á rí ìlà dúdú tó ń gun ojú àwòrán lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Pẹ̀lú iná pípa, mítà gbọ́dọ̀ ka bíi 1,000 óòmù láàárín ojú 12 lára kọnẹ́tọ̀ àti ẹnu pupa ti kọ̀nfátà. Bákan náà fún N àti 13. Bí èyíkéyìí bá ka òdo, ẹsẹ̀ méjì ti so pọ̀ nínú sọ́dà.

Ìpele 6: Kọ̀nfátà

Bíi ìlà 15,700 ni pátákó ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 15.7 kHz. Ìwọ̀n tó kéré jù tí VGA ń gbà jẹ́ 31.5 kHz. Kò sí wáyà tó lè ṣàtúnṣe ìyẹn, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ yí i padà.

Nínú àwọn kọ̀nfátà, GBS-8200 ló rọjú jù. Ó ń gba pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti sync, ó ń gbé VGA jáde. Ó ní kòńtúróòlù àwọ̀ mẹ́ta tirẹ̀ lára òun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi 470 sí sync tí àwòrán kò dúró, ẹ yọ 470 náà kúrò fún ẹ̀rọ yìí nìkan, torí sync ilé géèmù gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń fa àwòrán sẹ́yìn díẹ̀ kó tó fi í hàn. Ẹni tó ń ṣeré ìjà yóò mọ̀ ọ́n lára.

OSSC wọ́n jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú àwòrán pamọ́, ó kàn ń sọ ìlà kan di méjì kó tó jáde ní HDMI, nítorí náà kò sí ìfàsẹ́yìn tí ojú lè rí. RetroTINK 5X náà dára, ó sì ń jáde ní HDMI. Lẹ́nu méjèèjì yìí, ẹ má yọ 470.

Àpótí kékeré SCART (ihò àwòrán ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti Yúróòpù) sí HDMI tí wọ́n ń kó kiri, ẹ má fowó ṣòfò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka ìlà 240 ti géèmù bíi pé ti tẹlifíṣọ̀n 480 ni, òjìji tó yẹ kó máa ṣẹ́jú á pòórá, ọwọ́ á sì máa ṣáájú àwòrán.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: GBS-8200 àti ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó sún mọ́ onígun mẹ́rin, tó ní VGA. Ó ju púlásímà ńlá lọ fún iṣẹ́ yìí. Àwòrán géèmù kò fẹ̀ bíi ti fíìmù, púlásímà tuntun kì í sì ní ihò VGA mọ́, ẹ ó tún wá ra kọ̀nfátà VGA sí HDMI lé e.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ so ojú 15 mọ́ gíráàǹdì tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Test orí pátákó. Lára ọ̀pọ̀ géèmù, ojú ìwé ìdánwò tó ní ìlà àwọ̀ yóò jáde. Ẹ máa dín óòmù kòńtúróòlù kọ̀ọ̀kan kù títí funfun yóò fi funfun, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ìlà méjì tó mọ́lẹ̀ jù tó di ìkan. Bí funfun bá pọ́n, pupa ló pọ̀ jù.

Ìpele 7: Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ wàyí, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Ẹ yí i sí 4:3, kí Ken àti Ryu inú Street Fighter má sanra. Ẹ tan "Game Mode", ẹ pa gbogbo ohun tó ń mú àwòrán dán tàbí rọ̀. Bí etí àwòrán bá gé, ẹ wá "Just Scan" tàbí "Screen Fit".

Géèmù kan wà tí kì í ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Pátákó Irem M72, èyí tí R-Type wà lórí rẹ̀, ń ya 55. OSSC yóò gbé 55 náà lọ bó ṣe rí, púlásímà míì á kọ̀ ọ́. Níbẹ̀ GBS-8200 wúlò, torí 60 lòun ń gbé jáde láìka ohun tó wọlé sí.

Bí àwòrán bá dùbúlẹ̀, pátákó kò bàjẹ́. Géèmù olóòró ni. Tẹlifíṣọ̀n ni ẹ máa gbé dìde lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú láti ẹ̀gbẹ́ kan, torí ojú olówó kékeré máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnnì kò le: òkè 18, ìsàlẹ̀ 19, òsì 20, ọ̀tún 21, bọ́tìnnì mẹ́ta 22 sí 24, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá kan gíráàǹdì. Street Fighter II ti 1991, bọ́tìnnì ìtapá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí lẹ́nu JAMMA. Kọnẹ́tọ̀ kékeré mìíràn lórí pátákó ni wọ́n wà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ṣeré fún wákàtí kan gbáko. Ẹ tún ka 5 fóòtì lórí pátákó, kí ẹ fọwọ́ kan kọnẹ́tọ̀ lójú 3 àti 4. Bí ó bá ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 4.9, tàbí ike kọnẹ́tọ̀ gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ paná, ẹ tún ẹnu pátákó fi rọ́bà nù, kí ẹ sì fi wáyà tó sanra ju ìyẹn lọ rọ́pò rẹ̀ kí oníbàárà kankan tó jókòó síbẹ̀.